Kánsù Gbé Ọmọlanke Alánàmọ́

"Ìwé àṣẹ ìtajà rẹ dà?"

Bí Rífátì, ọ̀gá àwọn kánsù, ṣe dá Ṣeháta dúró ní àdúgbò Ìmbábà nìyẹn, níbi tí Ṣeháta ti ń ti ọmọlanke tó fi ń sun ànàmọ́ tà.

Ẹnu Ṣeháta sì rèé, kò lábùlà!

"Ìwé àṣẹ kẹ̀? Ọ̀gá mi, ta ló fún ìjọba fúnra rẹ̀ láṣẹ?"

"Ẹ̀yin aráàlú náà ni."

"Èmi ò rántí pé mo fún un o! Ṣé ìjọba ló gbin ànàmọ́ ni, àbí òun ló ń bá mi fẹ́ná?"

"Ìjọba ló ni títì tí o dúró sí!"

"Bàbá mi ti ń tà níbí kí ẹ tó da ọ̀dà sí i. Ẹ̀yin lẹ bá wa níbẹ̀!"

"Tí ẹnì kan bá jẹ ẹ́, tí inú ń run ún ńkọ́? Ta la máa mú?"

"Èmi náà ni! Gbogbo àdúgbò ló mọ ilé mi. Ta ló mọ ilé ìjọba?"

Rífátì yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ kánsù. Tí ọ̀rọ̀ bá sì ti tán lẹ́nu kánsù, ẹ̀yin náà mọ ohun tó kù.

"Ẹ gbé e!"

Gbàgà! Ọmọlanke ti dé ẹ̀yìn ọkọ̀, Rífátì dúró tì í. Ṣeháta figbe ta.

"Yéè! Oúnjẹ àwọn ọmọ mi lẹ gbé lọ yẹn o!"

Ọkọ̀ ṣí, Ṣeháta gbá tẹ̀lé e, bàtà ẹsẹ̀ kan já sọnù.

Àmọ́ nínú ìkánjú wọn, kò sẹ́ni tó rántí paná ààrò tó wà nínú ọmọlanke.

Fùùù! Èéfín ń rú, òórùn ànàmọ́ ti ṣáájú ọkọ̀ wọ àdúgbò. Ní Ìmbábà, ta ló ń ti àjà kẹrin sọ̀ kalẹ̀ nítorí ànàmọ́? Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn sọ̀ láti ojú fèrèsé, owó á ti wà nínú rẹ̀.

Gbì! Apẹ̀rẹ̀ kan bà sórí Rífátì.

Gbì! Òmíràn.

Gbì, gbì, gbì! Okùn lọ́ mọ́ ọkọ̀ lára, dẹ́rẹ́bà ò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Àlájà Nágwà yọrí lójú fèrèsé. "Alánàmọ́! Èyí tó rọ̀ dáadáa ni kí o fún mi o!"

"Àlájà, èmi kọ́ ni alánàmọ́! Ìjọba ni mí!"

"Kò burú. Ìjọba, fún mi ní èyí tó rọ̀."

Ẹ̀rín ń pa mí o!

Ìgbà yẹn ni Ṣeháta já dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Rífátì nawọ́ sí i.

"Bàbá alánàmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè wá dá wọn lóhùn!"

"Láìní ìwé àṣẹ?"

"Èmi ni mo pàṣẹ!"

Ni Ṣeháta bá gun ọkọ̀ ìjọba. Ó ń yọ ànàmọ́ gbígbóná, ọ̀gá kánsù ń fi bébà wé e, ìka ń jó o, ó ń fẹ́ ọwọ́ fúù fúù. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ààrò ti ṣófo. Láti ìgbà tí Ṣeháta ti ń tajà, kò rí irú ẹ̀ rí.

Apẹ̀rẹ̀ gòkè padà, ọ̀nà là. Rífátì nu òógùn ojú.

"Bàbá, ẹ gbé ọmọlanke yín sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa lọ. Mi ò rí yín."

Ṣeháta jókòó pẹ̀sẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Kí n lọ síbo? Ọ̀gá mi, lọ́la ńkọ́, aago mélòó lẹ máa wá gbé mi?"