“Ó Ti Kú, Sà”

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi bo erùpẹ̀ mọ́ mi: ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi sí ìwé ikú ara mi, tí mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó yá mi ní bírò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Bàbá mi ló kú. Ọjọ́ kejì àdúà ọjọ́ kẹjọ wọn ni mo gbọ́ pé wọ́n ń gba ọmọ síṣẹ́ sójà n'Ìbàdàn. Kò sí nǹkan kan mọ́ nílé wa lẹ́bàá Ìjàyè ju ẹ̀gẹ́ inú oko àti ìyá tó ń sunkún lọ, mo bá gba ọ̀nà lọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ wa kì í ṣe Yorùbá. Ó bi mí lórúkọ, mo ní Gàníyù. Ó tún sọ òyìnbó kan, “fádà” nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. Mo rò pé ó ń béèrè àlàáfíà bàbá mi. Mo dúró ṣánṣán, mo ní, “Ó ti kú, sà.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe di Gàníyù Ótikú lójú ìjọba. Ẹ̀rù ló gba ẹ̀kọ́ ilé lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, nítorí “wọ́n ti kú” ló yẹ kí ọmọ gidi wí. Ṣùgbọ́n ká ní mo tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún bàbá mi, Wọ́ntikú ni ǹ bá máa jẹ́.

Mi ò lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni bá janpata, ilé ló ń lọ. Àràárọ̀ lórí pápá ni wọ́n ń kígbe pé “Ótikú!”, tí mo sì ń dáhùn pé “Sà!” Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ọba, àràárọ̀ ni wọ́n ń túfọ̀ bàbá mi fún mi, tí èmi náà sì ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n kó wa lọ jagun nílẹ̀ onílẹ̀, àwọn Yorùbá àárín wa kọ́kọ́ ń sá fún mi nítorí orúkọ yìí. Nígbà tí ọta bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹ̀yìn mi ni gbogbo wọn ń sá wá, wọ́n ní ikú kì í pa ẹni tó ti kú. Èmi akọni tí wọ́n ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ọ̀hún, mo ti tọ̀ sára.

Mo fẹ̀yìn tì, mo padà sóko. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń sá sẹ́yìn mi kú ní Mọ́níyà. Létà kan péré ni orúkọ rẹ̀ fi yàtọ̀ nínú ìwé ìjọba. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà lọ, ó bọ̀ nítorí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ń bá àwọn tó ń yan gàrí bẹ ẹ̀gẹ́ jẹun báyìí. Ọjọ́ tí a ti ibi fìdáù ọdún kan ọkọ rẹ̀ dé, ìyàwó mi, Àlímọ́tù, kò tíì tú gèlè tó fi bi mí pé, “Bàbá Ràṣídì, bẹ́ ẹ bá kú gẹ́gẹ́ bí Ótikú, opó ta ni wọ́n máa pè mí?”

Ìbéèrè yẹn ló lé mi dé ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwa sójà àtijọ́ sí.

Èmi tí mo ti sùn nínú kòtò tí ọta ń gba orí mi kọjá, tábìlì ìjọba ló ń mú mi làágùn. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Mo ní nítorí orúkọ yìí ni mo ṣe wá, mo na káàdì sójà mi sí i. Ó wá fáìlì mi jáde, ó kà á wúyẹ́wúyẹ́: “Gàníyù. Ó ti kú.” Ló bá gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti rọ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù.”

Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti rí ibi tí àṣìṣe náà wà, pé bàbá mi ló ń bá mi kẹ́dùn. Mo dúpẹ́. Ó béèrè kí ni mo jẹ́ sí wọn, mo ní ọmọ ni mí. Ó ní ṣé ó ti pẹ́, mo ní ó ti ṣe díẹ̀. Ó wo fọ́tò ara káàdì, ó wo ojú mi.

“Ẹ jọ wọ́n gan-an,” ló wí.

Fọ́tò èmi fúnra mi ni o, ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi. Mo rò pé ó ń fi ogbó mi ṣẹ̀fẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé káàdì náà sí méjì. Mo ní lọ́kàn mi pé tuntun ń bọ̀. Ó gbé fọ́ọ̀mù gígùn kan sílẹ̀, òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Ǹ bá ní kó kà á fún mi, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí kó má baà mọ̀ pé ìwé mi ò jìnnà. Mo fọwọ́ sí i. Kí n tó jáde, mo tún kí i bíi sójà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo wà lóko, mò ń hú ẹ̀gẹ́. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ àwa sójà àtijọ́ gun ọ̀kadà wá sílé mi láti wá kí opó, nítorí orúkọ mi ti jáde láàárín àwọn òkú. Bí wọ́n ṣe kí Àlímọ́tù kú ará fẹ́ra kù, ó rò pé wọ́n bá òkú mi lóko ni. Àárín ebè ni mo ti gbọ́ igbe rẹ̀. Ó ṣubú lu àtẹ̀gùn, iwájú orí rẹ̀ là. Mo sáré dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, erùpẹ̀ ní gbogbo ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sàárè. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò mi fi bàtà sílẹ̀, ó gba inú àgbàdo lọ. Èkejì, tó ti bá mi jagun, ló dúró wò mí títí. Ó ní, “Ótikú, o ò tíì kú?”

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ló wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a máa padà lọ sí ọ́fíìsì náà, Àlímọ́tù ní òun ò ní jókòó sílé. A gba ìwé lọ́wọ́ baálẹ̀, a gba ti ìmáàmù, mo lọ búra ní kóòtù pé èmi ni èmi. Ọ̀gá pátápátá ni wọ́n mú wa lọ bá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ìwé tó wà níwájú òun sọ pé mo ti kú, ọmọ mi ló sì fọwọ́ sí i. Mo ní èmi ni ọmọ náà. Ó ní ọmọ ta ni. Mo ní ọmọ bàbá mi. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Àánú mi ṣe é níkẹyìn, ó fa fọ́ọ̀mù tuntun yọ. Ṣùgbọ́n ohùn sójà ló fi béèrè pé, “Orúkọ bàbá?”

Ẹsẹ̀ mi méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Apá mi na sí ìhà. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi: “Ó ti kú, sà.”

Bírò náà ti kan ìwé.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ lórúkọ. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Àlímọ́tù, kò dárúkọ wọn rí. Aládùúgbò wa kan tó ń jẹ́ orúkọ náà, “Orúkọ Bàbá” ló máa ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú àpá tútù níwájú orí, ó ní kí bàbá ọkọ òun má bínú sí òun. Ó wá gbójú sókè.

“Bùsàrí ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ kọ ọ́.”

Ọ̀gá náà fa ìlà sórí “O” tó ti kọ. Èmi ni mo bú sẹ́kún. Mi ò sunkún lójú ogun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀ fún yín.

Mo ti kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá bi yín lórúkọ bàbá yín, ẹ dárúkọ wọn, ẹ má sọ ohun tó ṣe wọ́n. Ìwé tí ojú ń tì yín láti ní kí wọ́n kà fún yín, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù tí ẹ bá gbà láyè kó pa yín lẹ́nu mọ́, yóò bá yín délé, orí ẹlòmíì ni yóò sì là.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè wá jọ láti mọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Wọ́n ké pé “Bùsàrí!” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n tún ké e. Mo bojú wẹ̀yìn, mò ń wá bàbá mi. Àlímọ́tù ló fi ìgúnpá gún mi níhà, mo bá fò dìde, mo ní “Sà!” Ẹ̀rín gbé mi níbẹ̀, irú ẹ̀rín tí kò jìnnà sẹ́kún. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n pe bàbá mi, ẹnì kan sì jẹ́.