Bí Àkànjí Ṣe Ṣẹ́gun Lórí Odò Tó Ń Padà Sẹ́yìn

Ẹ ṣí fìlà fún Adéṣẹ̀yẹ Àkànjí, ọmọ Ògúnmákin ará Ìkirun, ọmọ ọkùnrin tó bá ewúrẹ́ jà nítorí èlùbọ́ tó sì borí lọ́jọ́ kejì, ọmọ-ọmọ alágídí tó jókòó títí àga fi bẹ̀ ẹ́! Ìdílé tí ẹ̀yìn wọn kì í tẹ̀, àfi tí ẹran bá já bọ́ nínú àwo.

Ẹ̀yìn líle yìí ló kó bá a. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, dípò kí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna, ìka méjì ni akọni fi kan ilẹ̀, nítorí agbádá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ dé ni. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́ta gbáko, "hùn" ni Màmá Ọláìtán, ìyá ìyàwó rẹ̀, fi ń dá a lóhùn. Ní báyìí tí Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti lóyún oṣù márùn-ún, Màmá ti búra pé òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé ọkùnrin náà láti wá wẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Àkànjí wọ egungun, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?

Nígbà tí Màmá pé àádọ́rin ọdún lóṣù náà, Mosúnmọ́lá ní dandan ni kí àwọn jọ rìnrìn àjò láti fi yẹ́ ẹ sí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ wọ ọkọ̀ ojú omi afẹ́ lórí odò ńlá kan ní ilẹ̀ Ṣáínà. Níbẹ̀, òkun a máa ya wọ ẹnu odò, a sì máa lé omi odò padà síbi tó ti ń bọ̀. Màmá jókòó sórí àga ní gbangba òkè ọkọ̀. Gbogbo èrò di irin mú. Àkànjí kò di nǹkan kan. Ó ká apá mọ́ àyà níwájú Màmá, ó ní:

"Ṣé omi yìí náà ni wọ́n ń pariwo rẹ̀?"

Omi gbọ́. Ó dé, ó funfun, ó ga bí ògiri ilé, ó ń hó yèè; ọkọ̀ fò sókè, ọkọ̀ balẹ̀, jagunjagun ọmọ Ògúnmákin sì nà gbalaja síwájú Màmá, àyà nílẹ̀, imú nílẹ̀, fìlà ti bá omi lọ.

"Olówó orí mi, ẹ dìde!" Mosúnmọ́lá figbe ta.

Ìgbà yìí gan-an ni ogun dé. Ọkọ̀ ti dúró jẹ́ẹ́, kò sí ohun tó tún so akọni mọ́lẹ̀. Ó ti ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè nígbà tí ó rí ẹsẹ̀ Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, ó rántí ìka méjì ọjọ́sí, ojú sì tì í gidigidi. Háà, Àkànjí! Ẹni tó dojú kọ ẹ̀yìn líle baba ńlá rẹ̀, tó sì ṣẹ́ ẹ! Ó tún fi àyà lélẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí pákó ọkọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ẹ má bínú."

Màmá wò ó títí.

"Omi ló gbé ọ ṣubú, ojú mi kò fọ́. Ṣùgbọ́n omi ti lọ tipẹ́. Dìde, ọkọ ọmọ mi. Oṣù wo lẹ ní ọmọ ń bọ̀?"

Kí gbogbo odò ayé gbọ́, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń padà: Àkànjí ti dọ̀bálẹ̀! Màmá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ!