Bọ́ọ̀lù Irin Bàbá Mi

Ọjọ́ tí mo wọ inú kòtò àgbàrá pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo wọ̀ níbi ìsìnkú bàbá mi kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ojú àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ ni, ní Akpakpa níbí, èmi olùkọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Pròfù.

Pẹtáńkì, eré jíju bọ́ọ̀lù irin, ni bàbá mi fẹ́ràn jù láyé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun àti Bàbá Pọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa ta á lórí iyanrìn iwájú ilé wa ní Agblangandan, wọn a sì máa bú ara wọn bí ọmọdé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Pọ́ọ̀lù gbé àpò tí bọ́ọ̀lù mẹ́ta bàbá mi wà nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Má tì wọ́n mọ́ inú àpótí o," ó wí. "Irin tí ọwọ́ kò kàn, dídóògún ló máa dóògún."

Mi ò sunkún lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹbí tó ti Pobè wá ń wò mí pé irú ọmọ wo rèé. Ẹkún ló kọ̀ tí kò wá.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ wa kan àwọn nǹkan tó ń kọlu ara wọn, mo ní ti pátákó nìkan kò tó. Mo gbé bọ́ọ̀lù bàbá mi wá. Mo ṣàlàyé pé bí a bá fi ìwúwo nǹkan ṣe ìlọ́po ìyára rẹ̀, ohun tí a rí ni ìwọ̀n ìrìn rẹ̀. Bí nǹkan méjì bá kọlu ara wọn, tí ohunkóhun láti ìta kò sì dá sí i, àpapọ̀ ìwọ̀n ìrìn wọn kì í dín, kì í sì í lé. Ohun tí ọ̀kan bá pàdánù, èkejì ló gbà á.

Mo gbé bọ́ọ̀lù kan sórí tábìlì gígùn, mo sì yí òmíràn sí i. Ká ní mo rọra yí i ni! Ṣekárími gùn mí, mo fi gbogbo apá tì í. Gbà! Èyí tó lọ kọlù ú dúró, ó tún yí díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tẹ̀lé èkejì, ó wá dákẹ́ síbẹ̀. Èyí tó ti wà jẹ́ẹ́ ló já bọ́ sílẹ̀, ó sì gba ẹnu ilẹ̀kùn tí mo ṣí sílẹ̀ nítorí ooru jáde.

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo tẹrí ba fún wọn. Ẹ ò rí ayé mi: mò ń tẹrí ba, ogún bàbá mi ń sá lọ.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìyá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ń bọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀. Bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ìyá fò sókè, ìwé ọwọ́ rẹ̀ tú ká.

"Pàdọ́n, Ọ̀gá!" ni mò ń ké, síbẹ̀ mi ò dúró. Bọ́ọ̀lù yí já sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sáré la ọgbà kọjá, pó! Ó di inú kòtò àgbàrá. Òjò sì ti rọ̀ mọ́jú, kòtò kún.

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọ inú ẹ̀ dé itan, tòun ti bàtà. Mo fọwọ́ tú ẹrẹ̀. Sálúbàtà ọmọdé kan ni mo rí, àti agolo tòmátì. Àwọn ọmọ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dé, ó dúró lókè.

"Pròfù, ṣé èyí náà wà nínú ètò ẹ̀kọ́?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn ni ẹkún tó kọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú bá dé. Mo sunkún nínú kòtò, àgbàlagbà bíi tèmi, ikun imú àti ẹrẹ̀ dàpọ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu àwọn ọmọ. Ṣèrífà, ọmọbìnrin tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ inú kòtò tọ̀ mí, ó ń bá mi wá a.

"Pròfù, ìrìn tó wà lára bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

"Kò parí. Omi gbà lára ẹ̀, ẹrẹ̀ gbà lára ẹ̀, ilẹ̀ gba ìyókù. A kàn ò lè rí i mọ́ ni."

Mo gbọ́ ohun tí ẹnu ara mi sọ, mo tún bú sẹ́kún.

A ò rí bọ́ọ̀lù náà. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Pọ́ọ̀lù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

"Bàbá ẹ ò ju ọ̀kan jìnnà tó yẹn rí!"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Èmi àti bàbá arúgbó náà la jọ ń ta pẹtáńkì ní Sátidé báyìí. Bó bá kan kí n ju ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi a ṣófo. A ó wo ara wa, a ó rẹ́rìn-ín, òun a sì ju tirẹ̀.