Sọ́kẹ́ẹ̀tì Olójú Pupa

Ìyàwó ń ti ilé ìdáná bọ̀ ní pálọ̀, ó gbé abọ́ ẹja tó ti yọ́ nínú fíríṣà dání, ló bá bá ìyá ọkọ rẹ̀ lórí báàgì lẹ́nu ọ̀nà: gèlè lórí, bàtà lẹ́sẹ̀, Bíbélì lábíyá. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú mìíràn, ọ̀la ló ń padà bọ̀.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ. Ilé ọmọ mi obìnrin. Níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé mo bímọ."

Díẹ̀ ló kù kí abọ́ ẹja bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bí báàgì yẹn bá fi lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá kí ọkọ òun tó dé, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ẹbí á ti gbọ́ pé ìyàwó lé ìyá ọkọ jáde. Ta ló sì máa gbà pé ìyá ọkọ ló lé ara rẹ̀?

Ó kúnlẹ̀ tòun tẹja. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ? O ò ṣe nǹkan kan. Nǹkan kàn ń ṣẹlẹ̀ níbi tó o bá wà ni."

"Màmá!"

"Láti ìgbà tí ọmọ mi ti jáde nílé yìí, ó pè mí rí? Ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀! Kò bi mí bóyá mo jí, kò bi mí bóyá mo sùn."

"Ó ń bi mí o. Àràárọ̀ ló ń pè mí, ìgbà tẹ́ ẹ bá wà ní ìsìn òwúrọ̀ ni. Ó ní fóònù yín ò lọ."

Màmá dìde lórí báàgì, ó tún padà jókòó.

"Ó ń pè ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láràárọ̀. Ìwọ."

Ìyàwó rí i pé ẹnu òun ti kó bá òun. "Mo jíṣẹ́ fún yín, Màmá. Mo ní ó ń kí yín."

"Ó ń kí mi! Ṣé ará àdúgbò ni mí, tí wọ́n á máa fẹnu ẹlòmíràn kí mi?"

"Ẹ jẹ́ n pè é fún yín báyìí. Fóònù mi nìyí."

"N ò ní yá fóònù ẹlòmíràn bá ọmọ tí mo bí sọ̀rọ̀. Mo ní tèmi. Òun fúnra ẹ̀ ló rà á."

"Níbo lẹ gbé tiyín sí?"

"Wò ó lára ògiri. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni mo ti kì í bọnú iná, n ò yọ ọ́. Bó bá jẹ́ iṣu ni, ì bá ti jóná."

Ìyàwó bojú wo ògiri. Lábẹ́ fèrèsé, orí ṣájà wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wọlé dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé. Fóònù dùbúlẹ̀ lórí àpótí ìjókòó, ó dákẹ́ bí òkúta. Súwíìṣì rẹ̀ wà ní pípa. Orí fíríṣà wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, súwíìṣì tiẹ̀ náà wà ní pípa. Ẹ̀kẹta tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu pa.

"Màmá, ẹ ò tan sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Èmi ni mo pa á. Nígbà tí mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, ojú ẹ̀ pọ́n kankan. Mo ní, ẹ ò ní rí mi mú. Mo pa á."

"Ṣùgbọ́n pupa yẹn gan-an ló ń sọ pé..."

"Pé ewu ń bẹ! Ṣé o rò pé àgbà tó wà níwájú ẹ ò kàwé ni? Ọ̀gá panápaná wá kọ́ ẹgbẹ́ ìyá níjọ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní níbikíbi tá a bá ti rí pupa, ká yáa sá. Iná ojú títì tó ń dá mọ́tò dúró, àwọ̀ wo ni?"

"Pupa, mà."

"Mọ́tò panápaná fúnra ẹ̀?"

"Pupa, mà."

"Ojú ajá tó fẹ́ bu èèyàn jẹ?"

"Pupa ni, mà."

"Ta ló wá yọ ti inú ilé ẹ sílẹ̀?"

Ìyàwó gbé ẹja sílẹ̀. Ó fohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fọ́ ẹyin sínú àwo. "Màmá, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ díẹ̀. Téèyàn bá tẹ súwíìṣì nísàlẹ̀, òkè ẹ̀ á yọ pupa. Ohun tó ń sọ ni pé iná ti wà lẹ́nu ẹ̀."

"Ẹ gbọ́! Òun náà ló ń fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́! Iná ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kí lo rí tí iná wà lẹ́nu ẹ̀ rí, tó o sì fọwọ́ kàn án?"

Ìyàwó fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún ṣèèṣì bọ́ sára orí fíríṣà, ó sì rọra wo ẹja tó wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ tí fíríṣà yẹn ti wọlé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan súwíìṣì rẹ̀. Ta ló ń yẹ ohun tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn wò?

"Màmá, fíríṣà ńkọ́?"

"Pupa."

"Máṣíìnì tí mo fi ń ránṣọ?"

"Pupa fòò."

"Pọ́ńpù tó ń fa omi?"

"Ìyẹn burú ju gbogbo wọn lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí mo rí i. Àgbà kì í wà nílé kí sọ́kẹ́ẹ̀tì máa pọ́n bí ojú ìkà. Láràárọ̀, tí mo bá ti ìjọ dé, mo máa ń yí ilé ká, mo ń pa wọ́n. O ò tiẹ̀ dúpẹ́."

"Màmá, atúnmáṣíìnìṣe ti gbé máṣíìnì mi lọ gbé e bọ̀ títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi fẹ́ yọ! Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, á rán wìnnìwìnnì. Tó bá gbé e délé báyìí, á kọ̀."

Màmá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó déta, ó rán. Ó délé, ó kọ̀. Ìwọ náà ò wá ronú sí i? Ilé tí fíríṣà ò dì, tí máṣíìnì ò rán, tí omi ò gorí, kì í ṣe ojú lásán. Kí lo rò pé mò ń gbààwẹ̀ fún? Ọ̀tá wà nílé yìí."

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mà," ni ìyàwó rọra kùn. "Súwíìṣì ló ń pa kiri."

"Kí lo wí?"

"Mo ní Ọlọ́run á la ọ̀tá náà lójú, mà."

"Àmín! Àmín gidi! Má rò pé àdúrà mi ò ṣiṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tí ooru mú, tí fáànù ò yí, tí mo ta òróró sí i, ṣé kò yí ni?"

"Èmi ni mo tàn án, Màmá. Ẹ̀yìn yín ni mo dúró sí."

"Ta ló fi sí ọ lọ́kàn pé kó o tàn án?"

Ìyàwó nàka sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹta. Ó yí ọ̀rọ̀ padà sápá ibòmíràn. "Téèpù tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ èyí ńkọ́, mà?"

"Kí iná má baà jò dànù. Ó kàn la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́."

"Kì í jò, mà. Wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré sínú ihò méjì ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gùn jù, tó wà lókè yẹn, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, á wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn méjì yòókù."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá fetí sílẹ̀. Ó gbé orí sápá kan.

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ̀kan ló ṣáájú, tó ṣílẹ̀kùn fáwọn yòókù."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Mẹ́talọ́kan."

"Mà?"

"Ìdí tí n kì í fi í fọwọ́ kan ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìyẹn. Kò gbàgbọ́."

Ìyàwó rí i pé ojú Màmá ti rọ̀ díẹ̀, ó rọra na ọwọ́ sí súwíìṣì. Kò tíì dé ibẹ̀ tí Màmá fi di ìró rẹ̀ mú lẹ́yìn, tó fà á padà bí ẹni fa ewúrẹ́ kúrò nínú oko olóko.

"Má kú mọ́ mi lọ́wọ́! Tí nǹkan bá ṣe ẹ́ báyìí, kí ni mo máa wí? Gbogbo ẹbí á ní mo pa ìyàwó ọmọ mi!"

"Tẹ́ ẹ bá gbé báàgì yìí jáde, mà, wọ́n á ní èmi ni mo lé ìyá ọkọ mi."

"Ìyẹn ò kàn mí. Ẹ̀yìn rẹ ni wọ́n á ti sọ ọ́." Màmá gbé báàgì, ó fi kọ́ apá.

Ìyàwó wo báàgì, ó wo súwíìṣì, ó wo Màmá. Ohun kan ṣoṣo wà tí ìyá ọkọ rẹ̀ kì í kọ̀, bó ti wù kí inú bí i tó.

"Ó dáa, mà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá wa gbàdúrà sínú ilé."

Báàgì balẹ̀. "Bó o bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí látàárọ̀, ǹjẹ́ mo máa bínú? Di ojú ẹ."

Màmá di tiẹ̀. Ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. Kò tíì kúrò lórí àdúrà inú ilé tí ìyàwó fi rákòrò dé ẹsẹ̀ ògiri. Kẹ́!

"Kí ló dún yẹn?"

"Àmín ni, mà."

Àdúrà ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ó dé ibi iṣẹ́ ọmọ, ó dé orí ọ̀gá rẹ̀, ó dé orí táyà mọ́tò tó máa gbé e bọ̀. Àdúrà Màmá kì í kúrú. Lọ́jọ́ mìíràn orúnkún ìyàwó á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Lónìí, ó ń bẹ Ọlọ́run kó tún gùn sí i, nítorí bátìrì fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú ni. Ó na ọwọ́ sí ti fíríṣà. Kẹ́!

"Àmín kí lo tún ń ṣe? N ò tíì débẹ̀!"

"Ẹ má bínú, mà. Mo ti sáré ṣáájú."

Ó tẹ orí fóònù mọ́lẹ̀ títí ó fi tàn, ó sá padà síbi tó wà. Fíríṣà hó rìì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Màmá la ojú, ayọ̀ kún un. "Ṣé o gbọ́? Ó ti jí! Ó ti..." Ó yíjú padà. Ojú pupa méjì ń wò ó láti ara ògiri. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Wọ́n ti tún pọ́n!"

Ó fò sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kó dé súwíìṣì. Ìgbà náà gan-an ni fóònù bú sórin.

"Ọmọ yín ni, Màmá! Ó ń pè!"

Màmá gbá fóònù mú, ó fà á.

"Ẹ má yọ ọ́ o! Bátìrì ò tíì mu nǹkan kan! Tó bá kúrò lára ògiri, ó kú nìyẹn!"

Wáyà ṣájà kúrú. Fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún Màmá, ó ń kọrin. Ìka ọwọ́ òsì wà lórí súwíìṣì.

"Ó ti pọ́n, ìyàwó. Wò ó. Ó pọ́n."

"Màmá, tẹ́ ẹ bá pa pupa yẹn, ohùn ọmọ yín lẹ pa."

Fóònù ń kọrin. Màmá wo pupa, pupa náà ń wò ó. Ó mú ìka kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni yọ ọwọ́ lẹ́nu ajá. Ó tẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tòun ti gèlè.

"Hẹ̀lóò? ... Ọmọ mi! ... Ẹ̀n. ... O ti ń pè látìgbà yẹn? ... Láràárọ̀, lálaalẹ́?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó fi etí gèlè nu ojú. "Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ náà. ... Kí ló pa á? Kí ló pa fóònù mi?"

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ìyàwó. Ìyàwó di eteetí ìró mú, ó mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló kù. Bí Màmá bá ní òun kò mọ̀, ọkọ òun á bi òun. Bí òun bá sì jẹ́wọ́ òtítọ́, báàgì á jáde, kò ní í padà mọ́.

Màmá húkọ́ díẹ̀. "Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni, jàre. Wọn ò mọ̀ ọ́n lò nílé yìí ni. ... Má bínú sí ìyàwó ẹ o! Ọmọdé ni. Mo ti kọ́ ọ. ... Mo ní mo ti kọ́ ọ! Tó bá pọ́n, kó fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́, iná ń lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ gígùn ló ń ṣílẹ̀kùn. Ó ti yé e báyìí. Ìyàwó, ṣé kò yé ẹ?"

Ìyàwó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mì. "Ó yé mi, mà. Ẹ ṣeun, mà."

"Ṣé o gbọ́ ọ? Ọmọ dáadáa ni, ó kàn ń fẹ́ àmójútó." Màmá fi ẹsẹ̀ ti báàgì padà sápá yàrá. Ìyàwó rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fẹ́ ṣe àmín ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Kí lo wí? Èmi? Ta ló ní mò ń lọ síbì kan?" ni Màmá ń wí sínú fóònù. "Ṣé agbedeméjì ẹ̀kọ́ ni n ó ti fi í sílẹ̀ ni? Sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan la ṣì parí. A ò tíì dórí gáàsì."