Bí Tìnúadé Ṣe Ṣẹ́gun "Oko" Aláìlámì

Ẹ yàgò lọ́nà, ẹ jẹ́ ká ki Tìnúadé, ọmọ Tíṣà Akíngbalà ti Ìkìrun, ọmọ ọkùnrin tí í kọ dò-re-mí sórí ọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lójú oorun! Adúmáadán tí í jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ọba ti í jókòó sórí ìtẹ́, ìka-wẹ́rẹ́-lórí-bọ́tìnì, obìnrin tí ẹgbẹ̀fà orúkọ dojú kọ tí kò sá!

Ogun náà kì í ṣe kékeré. Ọ̀gá rẹ̀, Màmá Fáṣeun, ń ta ọkọ́ fún àgbẹ̀, ó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ fún awakọ̀, ó sì tún ń bá àwọn omidan wá ọkọ. Ẹgbẹ̀fà ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀ láti máa gba ímeèlì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ṣíwájú Tìnúadé, ẹni tó gbà pé àmì ohùn ń fi àkókò ṣòfò, ti lẹ àlẹ̀mọ́ kan ṣoṣo mọ́ gbogbo wọn lórí kọ̀ǹpútà: "oko". Lẹ́tà yòówù tó bá jáde, gbogbo wọn ló ń gbà á.

Bẹ́ẹ̀ ni omidan olùkọ́ kan, tó ti ń gbàdúrà ọkọ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣe ṣí ímeèlì tó sì kà á pé: "Oko yin ti gunle. Enikan pere lo ti lo o ri, bireeki re si n mu daadaa." Àgbẹ̀ kan ní tirẹ̀ gba ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tọ́jú ọkọ, ó sì lọ jókòó ti irin ọkọ́ rẹ̀, ó ń kí i kú iṣẹ́. Ogójì ènìyàn ti bínú yọ orúkọ wọn.

"Tìnú," ni Màmá Fáṣeun wí ní Ọjọ́rú, "bí ẹnì kan bá tún yọ orúkọ lọ́jọ́ Ẹtì yìí, mo pa ímeèlì tì nìyẹn. Ìwé ìléwọ́ la ó máa pín, ìwọ náà á sì wá iṣẹ́ míì."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ fún mi di ọ̀la."

Tìnúadé fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó so gèlè le, ó wọ awò ojú, ó sì wọ inú ogun. Ó ń wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti rà tàbí tó ti béèrè rí, ó sì ń kọ orin bàbá rẹ̀: re-mí, ọkọ́, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bọ́ síbí! Re-dò, ọkọ̀, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kọjá sọ́hùn-ún! Re-re, ọkọ, ẹ̀yin omidan, ẹ sún mọ́ mi! Ẹ̀yìn ń dùn ún, tíì rẹ̀ tutù sínú ife, kò wẹ̀yìn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó fi bọ́tìnì kan bẹ́ orí "oko" aláìlámì, ó sì pa á lẹ́nu mọ́ títí láé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́tà mẹ́ta jáde, oníkálukú gba tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ orúkọ. Èsì kan ṣoṣo ló wọlé, láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ àpọ́n kan tó ń jẹ́ Láṣebìkan: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò fi ìmọ̀ràn ọkọ ránṣẹ́ sí mi mọ́? Ó ti mọ́ mi lára. Ọkọ̀ ni mo ní, ọkọ ni mo fẹ́ jẹ́."

Màmá Fáṣeun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àlẹ̀mọ́ wo lo fẹ́ lẹ̀ mọ́ eléyìí?"

"Méjèèjì, Màmá. Orúkọ kan lè gba méjì."

Kí Ìkìrun gbọ́, kí gbogbo ayé gbọ́: láti òní lọ, àgbẹ̀ kankan kò ní kí irin kú iṣẹ́ mọ́! Tìnúadé ti ṣẹ́gun! Akọni náà mu tíì tútù rẹ̀ tán, ó sì fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí omidan olùkọ́ náà, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀: "Ọkọ yín ti gúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó rí."