Ẹgbẹ̀fà Ọ̀rẹ́ Jethro

Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì ní Kabba ni Patience ti ń tún fóònù ṣe. Bàbá Hezekiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, já wọlé tòun ti òógùn lójú. Kánjúkánjú ló bá dé o, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kí àga kó tó jókòó lé e.

HEZEKIAH: Okun o, Patience.

PATIENCE: Okun o, Bàbá. Ẹ káàbọ̀, sà.

HEZEKIAH: Ìyá rẹ ńkọ́?

PATIENCE: Ó wà ńlé.

HEZEKIAH: Ọkọ rẹ ńkọ́?

PATIENCE: Ó wà lóko.

HEZEKIAH: Oko náà ńkọ́?

PATIENCE: Oko náà wà lóko, Bàbá. Kí ló ṣe yín tí ẹ̀ ń làágùn báyìí?

HEZEKIAH: Fóònù mi ti yadi! Ó ń gbọ́rọ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Jethro kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí, Jethro tí a jọ gbé yàrá kan nígbà tí à ń ṣe tíṣà ní ìlú Ìffè nítòsí ibí! Ó ti di ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Orí ìkànnì ni mo ti wá a rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì gbọ́ pé mò ń béèrè òun ní Kabba. Ó ní òun wà nínú bọ́ọ̀sì láti Kàdúná, òun máa gba Kabba kọjá sí Ìsánlú lónìí, ibo ni kí òun ti sọ̀? Tó bá di ọ̀la, ó gba Ìlọrin lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, ó di gbére nìyẹn. Mi ò sì lè dá a lóhùn!

PATIENCE (ó gba fóònù, ó wò ó títí): Bàbá, wọ́n ti tì yín pa lórí ìkànnì.

HEZEKIAH: Ta ni mo ṣẹ̀?

PATIENCE: Wọ́n ní iṣẹ́ tí ẹ̀ ń rán sí àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí ti pọ̀ jù. Irinwó ó lé mẹ́jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Wọ́n rò pé oníjìbìtì ni yín.

HEZEKIAH: Oníjìbìtì kẹ̀? Mò ń kí wọn ni!

PATIENCE: Ẹ̀ ń kí àwọn wo?

HEZEKIAH: Mo ya ojúlé Jethro lórí ìkànnì, mo bá ẹgbẹ̀fà èèyàn níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ṣé kí n wá gba àárín wọn kọjá lọ bá a bí ewúrẹ́ ni? Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

PATIENCE: Wọn ò jókòó síbẹ̀, Bàbá! Ẹlòmíì wà ní Dubai.

HEZEKIAH: Mo ti kí ti Dubai. Martha ló ń jẹ́. Ó ní ọṣẹ mélòó ni mo fẹ́ rà.

PATIENCE: Èyí ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì lèyí! Ẹ bi ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?

HEZEKIAH: Mo ṣàkíyèsí pé kò fèsì. Mo ní bóyá ìjà wà nílé.

PATIENCE: Nọ́ńbà Bàbá Jethro dà, ká pè é?

HEZEKIAH: Hábà! Èmi tí mi ò tíì kí ará ilé dé ìdajì, ṣé nọ́ńbà ni mo fẹ́ máa tọrọ?

(Patience mí kanlẹ̀. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó wá Jethro kàn, ó tẹ̀wé wàràwàrà.)

PATIENCE: Mo ti kọ ọ́: "Ẹ sọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Patience, Bàbá Hezekiah ń dúró dè yín." Ó ti fèsì!

HEZEKIAH: Kí ló wí?

PATIENCE: Ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wọlé tọ àgbà nílé yín?"

HEZEKIAH (ó fò sókè): Jethro ni! Òun gan-an ni! Áà, inú mi dùn! Kí i, ọmọ mi, kí i!

PATIENCE (ó ń tẹ̀wé): "Okun o, sà. Ẹ má bínú. Ẹ sọ̀ níwájú..." Ó ní, "Okun. Ìyá rẹ ńkọ́?"

HEZEKIAH: Dá a lóhùn!

PATIENCE: "Ó wà, sà. Ẹ sọ̀..." Ó ní a máa dé orí ìyẹn. Ó ní òjò ńkọ́?

HEZEKIAH: Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Sọ fún un pé àgbàdo ò tíì gbó. Má fo ìkankan o!

PATIENCE: Bàbá, ó ní àwọn ti wọ Kabba!

HEZEKIAH: Kó sọ fún dẹ́rẹ́bà kó dúró!

PATIENCE: Ó ní kò tíì kan dẹ́rẹ́bà. Ó ní iṣu ńkọ́?

HEZEKIAH: Iṣu kẹ̀! Jethro, èwo ni ti iṣu nínú ọ̀rọ̀ yìí?

PATIENCE: Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má fo ìkankan.

(Bọ́ọ̀sì funfun kan ń kọjá lójú títì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, bàbá arúgbó kan dorí kodò, ó gbé fóònù sún mọ́ imú, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé.)

PATIENCE: Bàbá! Òun nìyẹn!

HEZEKIAH: Jethro! Jethro o!

(Ó já sí títì, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Fóònù Patience tún dún.)

PATIENCE (ó ń pariwo tẹ̀lé e): Bàbá, ó ti kàn yín! Ó ní, "Hezekiah ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ṣì le?"

HEZEKIAH (ọ̀nà ti jìn, ó ń sáré lé bọ́ọ̀sì): Sọ fún un pé ó le! Kó bojú wẹ̀yìn kó wò ó!