Ìyá Àbùùbùtán Kì í Ránṣọ

Ọ̀sán gangan. Yàrá kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ ìgbéyàwó funfun lórí rẹ̀: apá ọ̀tún ti wà lára rẹ̀, apá òsì ṣì wà nílẹ̀. Ìyá ìyàwó tó ni aṣọ ń bọ̀ wá gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Aránṣọ jókòó, ọmọ wà lẹ́nu ọmú, kò sí ọwọ́ tó ṣẹ́kù. Ọkọ rẹ̀ nà gbalaja sórí àga gígùn, fóònù lókè ojú. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni.

“Ìyàwó mi, o ń ráhùn pé ọmọ yìí ń mu ọmú jù. Gbọ́ ti àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù. Ẹranko tó tóbi jù láyé!”

“Bàbá ọmọ mi, mi ò ráhùn. Mo ní kí ẹ bá mi gbé e díẹ̀ ni.”

“Ahọ́n rẹ̀ nìkan wúwo tó odidi erin.”

“Ahọ́n?” Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. “Mo gbà.”

“Ọmọ rẹ̀ ń mu igba lítà wàrà lójúmọ́. Igba! Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó máa ń fi àádọ́rùn-ún kílò wúwo sí i.”

“Ta ló ń rán aṣọ fún un?”

“Aṣọ kẹ̀? Ẹranko inú omi?”

“Ṣé ìyá rẹ̀ kì í ránṣọ ni?”

“Ìyá àbùùbùtán kì í ránṣọ!”

“Kò ní oníbàárà? Ẹnì kankan ò ní wá gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú?”

“Rárá o.”

“Hẹn. Mo kàn ń béèrè ni.”

Ọmọ fi ọmú sílẹ̀. Aránṣọ tẹ́ ẹ sórí ẹní. Igbe. Ó tún gbé e. Apá òsì ń wò wọ́n láti ilẹ̀.

“Ibi tó dùn jù nìyí,” ni ọkọ wí. “Ní gbogbo oṣù tó fi ń fún ọmọ lọ́mú, agbára káká ni ìyá náà fi ń jẹun. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń lò.”

“Èmi náà ò tíì jẹun láti àárọ̀.”

“Ṣé o rí i? Bákan náà lẹ rí!” Ó dùn mọ́ ọn nínú.

“Ṣé ó ń sùn?”

“Wọ́n ní ìdajì ọpọlọ rẹ̀ ló ń sùn. Ìdajì kejì a lajú sílẹ̀.”

“Odidi ìdajì! Ó ń jayé orí ẹ̀.”

“Kì í ṣe ẹja o, má ṣì í mú. Ó ń mí bíi tiwa. Tó bá ti fẹ́ mí, a gòkè wá...”

“Mo gbọ́. Bàbá ọmọ ńkọ́?”

“Bàbá ta?”

“Ọmọ tó ń mu igba lítà. Ó ní bàbá, àbí kò ní?”

Àtàǹpàkò ọkọ sáré lórí fóònù. Sókè. Sísàlẹ̀. Ó dúró.

“Wọn ò kọ púpọ̀ nípa ìyẹn.”

“Ẹ ka díẹ̀ tí wọ́n kọ.”

“Wọ́n ní... bàbá ti lọ.”

“Síbo?”

“Òkun fẹ̀, ìyàwó mi.”

“Kí ló ń ṣe nínú òkun tó fẹ̀?”

“Ó ń kọrin.” Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Orin rẹ̀ máa ń rìn jìnnà gan-an. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà.”

“Ìyá ò jẹun. Ọmọ ń mu igba lítà. Bàbá ń kọrin. Ta ló ń kọ ọ́ fún?”

Ọkọ wo àjà.

“Ẹ kà á, olówó orí mi.”

“Àwọn abo mìíràn.”

Aránṣọ yíjú sí i.

“Àbùùbùtán ni mo ń sọ o! Kì í ṣe èmi!”

Aránṣọ dìde. Kò bínú, kò tilẹ̀ yára. Ó gba fóònù, ó fi ọmọ rọ́pò rẹ̀. Ó he apá òsì nílẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Ọmọ lanu. Ilé mì.

“Ó ń sunkún! Ìyá ọmọ, mi ò lọ́mú! Kí ni kí n ṣe?”

“Ohun tí bàbá ń ṣe. Ẹ kọrin.”

Ó kọrin. Ohùn náà gòkè, ó ya, ó já lulẹ̀ bíi páànù tí afẹ́fẹ́ ṣí. Ọmọ dákẹ́. Ẹnu ló yà á. Ẹ̀rọ ń sáré. Apá òsì ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

“Ṣé ó ti tó?”

“Ẹ má dákẹ́ o.” Kò gbójú sókè. “Ẹ tiẹ̀ ṣí fèrèsé. Pẹ̀lú ohùn yín yìí, ọkàn mi balẹ̀. Kò sí abo kankan tó máa yà wá.”